Ọwọ́ Òsì Tó Ń Pa Okùn Lẹ́nu Mọ́

Bàbá tó bí bàbá mi ti lọ. Lọ́jọ́ tí a sìnkú wọn, àwọn ará ìjọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń sọ ohun tó mọ̀ nípa olóògbé, gbogbo wọn ló sì sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní kò sí irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní bí Bàbá bá ti gbá okùn béèsì, ẹni tó ń tòògbé á jí, ẹni tó ń bínú á gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Mo jókòó, mò ń gbọ́, inú sì ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Àgbà ni gbogbo ayé gbọ́. Ẹni tó bá bá wọn gbélé nìkan ló mọ ọwọ́ òsì wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì yẹn ń ṣe ni pé kí ariwo má sí. Mo ní nígbà tí mo bá délé, màá jókòó kọ ìdajì tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gìtá. Okùn mẹ́rin ni gìtá béèsì ní. Okùn náà nípọn, ohùn wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò gbá a, okùn kan ló fẹ́ gbá, ṣùgbọ́n bí igi gìtá bá ti gbọ̀n, àwọn mẹ́ta yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Gbogbo rẹ̀ á wá dàrú mọ́ra. Ọwọ́ òsì ló ń kìlọ̀ fún wọn. Ìka kan á tẹ okùn tó yẹ kó sọ̀rọ̀, àwọn ìka tó kù á sùn lórí àwọn tó yẹ kó dákẹ́. Ìka ò ní tẹ̀ wọ́n o, ó kàn máa fara kàn wọ́n ni. Bó bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á dún. Bó bá gbéra kúrò, wọ́n á tún dún. Àárín méjèèjì yìí ni Bàbá Àgbà gbé fún ọgbọ̀n ọdún. Pípa okùn lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá sì ń kánjú, wọ́n á kàn ní, "Pa á."

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, Àdùnní ni Bàbá Àgbà ń pè mí, ilé kan náà ni gbogbo wa sì ń gbé ní Olódì-Apapa. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní gìtá. Gìtá náà kì í ṣe tiwọn, ti ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀ ni, ilé wa ló kàn ń sùn. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, ohun kan ṣoṣo tí mo sì fẹ́ láyé ni kí n ta á nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò ṣeé ṣe, torí pé obìnrin ni mí. Ní ìjọ wa nígbà yẹn, obìnrin á kọrin, á lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, á gbálẹ̀, á se oúnjẹ ìkórè, àmọ́ kì í gun orí pèpéle tí àwọn ọkùnrin ti ń lu dọ́rọ̀mù tí wọ́n ti ń ta gìtá. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé làkúrègbé ti wọ àtàǹpàkò ọ̀tún Bàbá Àgbà. Lọ́dọọdún ló ń wú sí i. Bó bá kọ̀ pátápátá kí àwọn àgbà ìjọ tó gbà fún mi, ọkùnrin kan láti ìta ni wọ́n máa gbé gìtá fún, èmi á sì máa wò ó láti ìdí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí débi pé mo máa ń wo àtàǹpàkò wọn láàárọ̀ kí n tó kí wọn.

Bàbá Àgbà ò fẹ́ kí nǹkan máa dún lẹ́yìn tó bá ti sọ tirẹ̀ tán. Bí abọ́ tánganran bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ ilé ìdáná, àwọn ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì lé e. Bí ilẹ̀kùn bá ń gbọ̀n nítorí atẹ́gùn, ọwọ́ òsì. Bí Màmá, ìyàwó wọn, bá ń bá obìnrin yàrá kejì fa ọ̀rọ̀ nítorí okùn tí a ń sáṣọ sí, Bàbá Àgbà ò ní dá ẹjọ́, wọn ò ní béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ká aṣọ ta. Wọ́n á kàn rìn lọ, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì lé Màmá léjìká, fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dúró síbẹ̀. Màmá á tún sọ gbólóhùn méjì, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan, ó tán. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà, Màmá Risi, fi ìbínú sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ìyàwó wọn ni wọ́n máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Bàbá Àgbà ní, "Rárá o, Màmá Risi. Ẹ̀yìn etí mi ni mo wà."

Télọ̀ ni Màmá, pálọ̀ wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn ò sì fẹ́ràn ọwọ́ òsì rárá. Mo fi ọwọ́ òsì na àlùmọ́gàjí sí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni wọ́n wí, "ká má tíì sọ ká fi ń fún àgbà ní nǹkan."

Bàbá Àgbà wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń fi àkísà nu gìtá. Wọn ò jiyàn, nítorí ẹni tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ nílé wa kì í bá Màmá jiyàn lórí òwe. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe wọ ilé ìdáná báyìí, wọ́n pè mí, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí n wò ó. Ti ọ̀tún ti le koránkorán, ègé pákó ti dọ́gbẹ́ sí i, àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ̀. Ti òsì mọ́, awọ orí ìka rẹ̀ nìkan ló yi. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni Màmá ẹ sọ, ọ̀tún ni kó o máa fi fún àgbà ní nǹkan. Àmọ́ tó o bá fún wọn tán, má gbàgbé ọwọ́ tó bá ẹ di abọ́ mú."

Kápẹ́ńtà ni Bàbá Àgbà. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ òkun ṣe, wọ́n á lọ bá wọn kan pákó síbi tó bá yẹ. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun pákó á wà nínú irùngbọ̀n wọn. Kí wọ́n tó di ọmọ ìjọ gidi, wọ́n ti ta béèsì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Apapa tí àwọn atukọ̀ ti ń mu bíà. Bí wọ́n ṣe wá mọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, ìtàn mẹ́ta ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Nínú ìtàn kìíní, atukọ̀ aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà ló fi hàn wọ́n. Nínú ìkejì, òòlù ló já lé wọn níka, ìka ò ṣeé ká mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ni wọ́n bá fi àtàǹpàkò rọ́pò. Nínú ìkẹta, Ọlọ́run ló fi hàn wọ́n lójú àlá, èyí tí wọ́n máa ń sọ nínú ìjọ nìyẹn. Mo bi wọ́n léèrè nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀ pé èwo gan-an ni òótọ́. Wọ́n ronú sí i dáadáa. Wọ́n ní, "Ta ló wà níbẹ̀? Èmi nìkan. Gbogbo ẹ̀ lòótọ́."

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi, ẹnikẹ́ni tó bá rí i nígbà yẹn á rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Odindi ọdún kan ni wọn ò jẹ́ kí gìtá náà dún lọ́wọ́ mi. Lọ́sàn-án Sátidé, a ó jókòó sí ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n á ní kí n tẹ́ ìka òsì lé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n máa fi àtàǹpàkò ọ̀tún gbá wọn. Gbì. Kà. Gbì. Òkú ohùn ni, kò ní orúkọ, kò ṣeé kọ lórin. Bí okùn kan bá fi lè sọ "dùn-ùn" péré, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Efe, ọmọ Wàrí tó ń lu dọ́rọ̀mù ní ìjọ wa, ló ń gbé yàrá iwájú. Wọ́n yọjú síta lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró tì wá títí.

"Baba, dis guitar don spoil? I no dey hear anything."

"Efe, na di work be dat," ni Bàbá Àgbà dá wọn lóhùn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ohùn ò le kọ́, Àdùnní. Bí ajá bá jókòó lé e, á dún. Ìdákẹ́ ló le."

Nítorí "pa á" yìí la ṣe jẹ ẹran tí a ò gbèrò. Bàbá Àgbà ní àkùkọ kan tí wọ́n sọ ní Jẹ́nẹ́rà, nítorí bó ṣe ń rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó gba ìjọba. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Màmá ò fẹ́ràn rẹ̀, torí ó máa ń yàgbẹ́ sórí aṣọ oníbàárà. Láti Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká sè é, Bàbá Àgbà á ní rárá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń ta gìtá lọ́wọ́ nínú ilé, okùn ìsàlẹ̀ ń hó lé mi lórí, n kò sì tètè gbé ìka lé e. Àṣé Jẹ́nẹ́rà ti tún bá aṣọ kan jẹ́. Àṣé Màmá ti mú un ní apá méjèèjì lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ké sí ọkọ wọn láti ibẹ̀ pé, "Bàbá Jídé, ẹyẹ yìí tún dé o! Kí n ṣe é báwo?"

Bàbá Àgbà ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni wọ́n dojú kọ. "Pa á!" ni wọ́n pariwo. "Pa á, mo ní kó o pa á! Kí lo tún ń wò?"

Ohun tí Màmá ń retí láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn rè é. Nígbà tí Bàbá Àgbà fi jáde lọ fọwọ́, omi gbígbóná ti ń hó lórí iná, ìyẹ́ Jẹ́nẹ́rà sì wà nílẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo ìyẹ́, wọ́n wo Màmá. Màmá ní, "Ṣebí ìwọ lo ní ká pa á?" Èmi ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún papọ̀. Bàbá Àgbà jẹ itan kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́, wọ́n sì ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ nílé yìí láti ọdún tó kọjá, èyí nìkan ni ìyàwó mi gbọ́."

N kì í ṣe ọmọ dáadáa ní gbogbo ìgbà. Nígbà kan tí ó sú mi, mo rí i tí onígìtá ìjọ mìíràn ki fóòmù bọ abẹ́ okùn tirẹ̀ níbi tí okùn ti so mọ́ igi, tí gbogbo ohùn rẹ̀ sì ṣe ṣókí láìjẹ́ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣe wàhálà kankan. Mo lọ gé etí sìlípáàsì tó ti gbó, mo ki í bọ ibẹ̀, mo sì ta orin kan fún Bàbá Àgbà tí kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa rọ́bà náà yọ, wọ́n fi sápò. Mo ń retí ìfọ́tí. Wọn ò gbá mi, wọn ò sì gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Sìlípáàsì ò mọ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Gbogbo ẹnu ló ń dí." N kò dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìjà tí wọ́n jà, nítorí mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Alàgbà Mákindé ni olórí àwọn àgbà ìjọ wa, ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà sì ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n jọ wọ Èkó lọ́jọ́ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á wá sílé wa, àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n á máa fi ìdérí ìgò ta dráàfù. Ọjọ́ kan ni Bàbá Àgbà mú ọ̀rọ̀ mi jáde, mo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́.

"Mákindé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí bá wa ta béèsì lọ́jọ́ Ìsinmi kan."

"Ọmọ wo?"

"Àdùnní."

"Obìnrin?"

"Ó mọ̀ ọ́n ta ju ọkùnrin tí ẹ máa lọ wá láti ìta lọ."

"Kò sẹ́ni tó ní kò mọ̀ ọ́n ta," ni Alàgbà wí. "Àmọ́ tó bá gun ibẹ̀, lọ́la, wọ́n á ní dọ́rọ̀mù ló kàn."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Alàgbà ronú, wọ́n gbé ìdérí ìgò kan sókè, wọ́n tún gbé e padà. "Mi ò rí i rí ni."

"Ìwọ náà ò rí òkun rí kó o tó dé Èkó," ni Bàbá Àgbà wí.

Ó dun Alàgbà. Bóyá nítorí pé òótọ́ ni, bóyá nítorí pé èmi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé Alàgbà ò jáwọ́ nínú wíwá. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á to ìdérí ìgò, wọ́n á ta dráàfù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọn ò ní sọ ju "ẹ káalẹ́" lọ, èyí tí wọ́n sì ń kí, Màmá ni wọ́n ń kí. Oṣù mẹ́rin gbáko! Bọ̀dá Efe á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa mi orí: "See me see wahala. Dem dey quarrel, dem still dey play draft?" Mo bi Bàbá Àgbà léèrè pé irú ìjà wo nìyí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ la dá dúró. A ò dá ọ̀rẹ́ dúró."

Ní oṣù mẹ́rin yẹn, àtàǹpàkò náà ń bàjẹ́ lọ. Èmi ni mo ń fi òrí gbígbóná wọ́ ọ fún wọn nírọ̀lẹ́, mo sì mọ bó ṣe rí ju àwọn tó kù nínú ilé lọ. Oríkèé rẹ̀ ti wú, kò ká mọ́. Bí wọ́n bá gbá okùn, ojú wọn á fà díẹ̀, wọ́n á sì tètè rẹ́rìn-ín kí n má baà rí i. Nínú ìjọ, wọ́n ń yan ibi tí wọ́n á ti gbá a, wọ́n ń fo ibi tó le, ohùn dọ́rọ̀mù ń bò wọ́n láṣìírí. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìkórè, wọ́n gbìyànjú láti ta orin kan tán nílé, wọn ò lè ta á tán. Mo ní n óò lọ kúnlẹ̀ fún Alàgbà Mákindé. Mo ti ń sunkún kí n tó sọ ọ́ parí. Wọ́n ní, "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Lọ jẹun."

Ọjọ́ ìkórè dé. Ní ìjọ wa, ọjọ́ náà tóbi ju Kérésìmesì lọ. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jó wá síwájú pẹ̀lú ọrẹ rẹ̀. Bàbá Àgbà wọ agbádá funfun, wọ́n gbé gìtá kọ́rùn, wọ́n dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí. Èmi wà láàárín àwọn akọrin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Efe kan igi dọ́rọ̀mù mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, orin sì gbéra.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ò pé. Dọ́rọ̀mù ń lọ, dùùrù ń lọ, ohùn àwọn akọrin ròkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orin ṣófo. Mo wo Bàbá Àgbà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń lọ bó ṣe yẹ, jẹ́jẹ́, ó ń gbá, ó ń fà. Mo wá wo ti òsì. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sùn lórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí èyí tó tẹ ọ̀kankan. Wọ́n ti pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ yí bọ́tìnì sókè. Ó fa wáyà yọ, ó tún ki í bọ ihò rẹ̀, ó gbá sípíkà lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló ń jó bọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n á balẹ̀ sí. Ẹnìkan tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Màmá ló wà níwájú wọn pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn lórí. Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n wo ọwọ́ òsì ọkọ wọn, mo sì rí i lójú wọn pé ó ti yé wọn. Orin kìíní parí bẹ́ẹ̀, ìkejì bẹ̀rẹ̀, ó burú ju ti ìṣáájú lọ, títí Bọ̀dá Efe fi dáwọ́ dúró fúnra wọn.

"Baba, abeg, wetin happen?"

Alàgbà Mákindé ti dìde. Wọ́n rìn wá sídìí pèpéle, Bíbélì wà lábíyá wọn. Oṣù mẹ́rin rèé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá Bàbá Àgbà sọ nìyí: "Kí ló dé? Ṣé gìtá bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Mò ń ta á."

"A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Àgbà wí. Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìjọsìn ti dákẹ́, a sì gbọ́ wọn. "Bó ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún sí Alàgbà. Alàgbà mú un, wọ́n yí i padà, wọ́n rí àtàǹpàkò náà. Ojú wọn yí padà. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n tún fi í sójú.

"Ìgbà wo ló ti dà báyìí?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ. 'Obìnrin' nìkan lo gbọ́."

Alàgbà dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, àmọ́ wọn ò gbàdúrà. Wọ́n wo àwọn àgbà ìjọ tó jókòó níwájú, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí i, ó pa ẹnu dé. Nígbà náà ni wọ́n yíjú sí ibi tí àwọn akọrin wà.

"Àdùnní."

"Sà!"

"Sọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀."

N kò mọ bí mo ṣe dé orí pèpéle. Bàbá Àgbà gbé bẹ́líìtì gìtá kọ́ mi lọ́rùn fúnra wọn, wọ́n fa ìdè rẹ̀ kúrú. Mo rò pé wọ́n á ṣàdúrà fún mi tàbí kí wọ́n ní n má bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Okùn kẹta ti ń rọ̀. Fún un díẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí wọn mọ́.

Bọ̀dá Efe wò mí, wọ́n fi orí pè mí, a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbàgbé ọwọ́ òsì, okùn méjì ké papọ̀, mo gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ọkùnrin. Mo tẹ́ ìka lé àwọn okùn náà. Wọ́n dákẹ́, ọ̀kan ṣoṣo tó yẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ara àwọn ìyá gbọ́ ọ kí etí wọn tó gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ síwájú, mo sì mọ̀ pé ó ti dé.

Mo gbójú sókè láti wá Bàbá Àgbà. Mo wo ìdí sípíkà, mo wo ìjókòó àwọn àgbà, mi ò rí wọn. Ohùn Màmá ló fi ibi tí wọ́n wà hàn mí.

"Jésù o! Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo rí èyí kẹ́yìn!"

Bàbá Àgbà wà láàárín àwọn ìyá. Wọ́n ti ká agbádá lé èjìká méjèèjì, wọ́n tẹ̀, wọ́n ń jó. Ijó náà ò fi bẹ́ẹ̀ dára, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ mọ́ òkú. Ẹsẹ̀ kan ń lọ sí Apapa, èkejì ń lọ sí Ajégúnlẹ̀. Mo ti lò ju ọdún mẹ́rìnlá láyé, n kò rí i kí wọ́n jó rí, ìgbà náà ni ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ibikíbi tí ijó bá ti wà, gìtá ló máa ń wà lọ́rùn wọn. Omi bọ́ lójú mi, ó ń kán sára igi gìtá, ọwọ́ méjèèjì ò sì ṣófo tí mo lè fi nù ún.

Wọ́n jó dé ìsàlẹ̀ pèpéle, wọ́n rí i pé àwọn ni mò ń wò.

"Má wò mí!" ni wọ́n ké sí mi. "Ta á! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta á fáwọn ẹlòmíì jó, èmi ló kàn!"

Mo ta á. Orin náà parí, Bọ̀dá Efe mú òmíràn, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn, Bàbá Àgbà ò sì jókòó.